Kùrukùru Ojú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Lésà: Ẹ Má Ra Oògùn Rẹ̀ Fúnra Yín

Lára ìdẹ̀ra tí Ọlọ́hun Ọba fi kẹ́ wa ni ojú, Yóò sì bi wá bí a ṣe tọ́jú rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan tí kì í rí ọ̀ọ́kán dáadáa ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ lésà kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ awò ojú. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù kan sí mẹ́ta, àwọn kan á ní ojú àwọn ń ṣe bàìbàì, pé iná mọ́tò lórí Afárá Carter lálẹ́ ń fọ́n káàkiri lójú àwọn. Ẹ̀rù á wá ba gbogbo ilé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kùrukùru ojú, ó sì ní ìtọ́jú. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé oògùn kan náà tó ń mú kùrukùru yìí kúrò lè fọ́ ojú bí kò bá sí dókítà tó ń ṣọ́ ọ.

Báwo ló ṣe ń wá? Awọ kan wà níwájú ẹyin ojú tó mọ́ gaara bíi dígí. Kọ́níà ni àwọn dókítà ń pè é. Nínú iṣẹ́ abẹ tí à ń pè ní PRK, tí Dókítà Marguerite McDonald kọ́kọ́ ṣe sí ojú tó ń ríran ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1988, wọ́n á bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ orí kọ́níà, wọ́n á wá fi lésà gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà á hù padà láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí egbò ọwọ́ ṣe ń fi àpá sílẹ̀ nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni kọ́níà tó ń jinná ṣe lè ní àpá fúnfun díẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé geere. Nínú LASIK, níbi tí wọ́n ti ń ṣí ojú kọ́níà bí ìdérí, ó ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí awò rẹ̀ nípọn gan-an ló máa ń ṣe jù, àti ẹni tó ń fi ojú gba oòrùn.

Ní ti ìtọ́jú, sùúrù ló ṣáájú. Èyí tí kò pọ̀ sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 12. Ẹ lo awò dúdú tó ń dènà ìtànṣán oòrùn, pàápàá nínú oòrùn ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Dókítà lè fún yín ní oògùn ìkán-sójú tó ní sitẹ́rọ́ìdì nínú, irú bíi fluorometholone, á sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dá a dúró lójijì, nítorí kùrukùru náà lè padà. Bí ó bá nípọn tí kò lọ, dókítà lè ha á kúrò tàbí kó tún fi lésà tán án, kó sì lo oògùn mitomycin C. Àwọn dókítà mìíràn ti ń lo oògùn yìí lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an láti dènà rẹ̀.

Ibi tí ewu wà nìyí. Sitẹ́rọ́ìdì lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga. Kì í dunni, ojú lè má pọ́n. Níbẹ̀ ni glọkómà ti ń wọlé, tí yóò máa jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Èyí tí glọkómà bá sì ti mú lọ kì í padà. Àìsàn yìí wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá ní in, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó kọ oògùn. Ẹ má fi ìgò òfìfo ránṣẹ́ sí kẹ́míìsì pé kí wọ́n fún yín ní irú rẹ̀ sí i. Ẹ rántí pé ní Fẹ́búárì 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa fún ìgbà díẹ̀ nítorí ayédèrú oògùn.

Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wọn ìfúnpá ojú lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, tàbí ní Guinness Eye Centre ní LUTH, Ìdí-Àràbà. Ẹ sọ fún ẹni tó ń wọ̀n ọ́n pé ẹ ti ṣe lésà: kọ́níà tó ti fẹ́lẹ́ máa ń jẹ́ kí ìfúnpá tó ga dà bí èyí tó dára.

Ní ti ìjọsìn, bí dókítà bá ní kí omi má kan ojú fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀sìn wa kò ni wá lára. Ẹ bi ààfáà yín bí ẹ ṣe máa ṣe àlùwàlá tàbí tayamọ́mù. Ní ti ààwẹ̀, ìgbìmọ̀ àgbáyé àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tó jókòó ní Jeddah ní 1997 sọ pé oògùn ojú kò ba ààwẹ̀ jẹ́, bí a kò bá gbé èyí tó dé ọ̀fun mì. Nínú mọ́síábù Málíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé, bí ó bá dé ọ̀fun lọ́sàn-án, ẹ ó san ọjọ́ náà padà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ra lè bi dókítà bóyá ó ṣeé kán ní sààrì àti ìṣínu. Àmọ́ ẹ má torí ààwẹ̀ pa oògùn tì.

Ẹ má fi tìróò sí ojú tó ń jinná, ẹ má sì bu àgbo sí i. Omi Sàmúsàmù náà, ẹ mu ún, kí ẹ fi tọrọ àdúà. Ẹ má kán an sójú.

Kí Ọlọ́hun Ọba má fi ojú wa dù wá. Àámín.