Bí Omi Kànga Bá Ní Àwọ̀ Ewé

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń fami kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Ìdúmàgbò, Òkè Àrín àti Ìta Fájì nílùú Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ọmọrí kànga yín, kí ẹ fọwọ́ kan ògiri rẹ̀. Bó bá ń yọ̀, tó ní àwọ̀ ewé, tí omi sì ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké ti ń gbé ibẹ̀. Algae lorúkọ wọn. Oòrùn ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ bí ewéko. Ìgbẹ́, ìtọ̀ àti omi ọṣẹ sì ni ajílẹ̀ wọn.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló burú. Nínú ọ̀sà tó wà létí Ẹbúté Èrò, àwọn ni ẹja wẹẹrẹ ń jẹ. Láìsí wọn, kò ní sí ẹja lọ́jà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á wọnú ọ̀sà, á dà á níyọ̀. Bí òjò bá dé, odò Ògùn á da omi dídùn pẹ̀lú ìdọ̀tí sí i, irú algae tó ń gbébẹ̀ á sì yí padà.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù ni irú kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ewé tí wọ́n pò mọ́ aró. Àwọn kan nínú rẹ̀ ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kí ẹ lè mọ̀ ọ́n, ẹ bu omi kànga yín sínú ìgò funfun, ẹ gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní mì í, títí di ọjọ́ kejì. Bí ohun aláwọ̀ ewé náà bá léfòó bí ọ̀dà, ẹ fura.

Sísè kì í pa májèlé yìí. Omi sísè ti gba ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́ onígbáméjì, ẹ má dẹ́kun rẹ̀; ṣùgbọ́n bí ẹ bá se irú omi yìí, ńṣe ni ohun náà á bẹ́, tí májèlé inú rẹ̀ á tú jáde. Nílùú Toledo, Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nítorí irú májèlé yìí, ìjọba ní kí àwọn èèyàn tó lé ní 400,000 má mu omi ẹ̀rọ, kí wọ́n má sì sè é.

Ẹ bo kànga kí oòrùn má wọ̀ ọ́. Táńkì dúdú sàn ju funfun lọ. Ẹ má fọṣọ lẹ́bàá kànga. Ó yẹ kí ṣáláńgá fi mítà 30 jìnnà sí i, ṣùgbọ́n a mọ àgbàlá Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilé fara kanra. Nítorí náà, kànga tó bá ti ní àwọ̀ ewé, ẹ má fi omi rẹ̀ dáná, ẹ má fi po oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Bẹ́ ẹ bá ra omi lọ́wọ́ mẹruwà, ẹ bi í níbi tó ti pọn ọ́n.

Ẹni tó bá mu omi aláwọ̀ ewé yìí, tó ń bì, tí inú ń run, tàbí tí ojú àti ìtọ̀ rẹ̀ ń pọ́n, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ìgò omi náà dání.