Làìbéríà ń gbin rọ́bà, àlòkù táyà ni wọ́n ń rà ní Monrovia

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ là ń fi bò ó jẹ. Ní ti rọ́bà, iṣu àwọn ará Làìbéríà ta dáadáa, ṣùgbọ́n òkè òkun ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá jáde láti Monrovia, tó forí lé pápákọ̀ òfuurufú Roberts, nǹkan bíi máìlì 35 sí ìlú, yóò rí igi rọ́bà tí wọ́n gbìn ní ìlà-ní-ìlà lọ súà ní Harbel. Oko Firestone nìyẹn. Síbẹ̀, bí ẹni tó ni ọkọ̀ àtijọ́ bá ń wá táyà ní Monrovia, àárín òkìtì àlòkù tí wọ́n kó láti ìlú òyìnbó ló sábà máa ń bá ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́ nìyí, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Bí Firestone ṣe dé Harbel

Ní 1922, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó dín rọ́bà tí ń jáde láti Màláyà àti Ceylon kù, kí ọjà náà lè gbówó lórí. Ọ̀rọ̀ yìí ká Harvey Firestone lára. Ìlú Akron ní Amẹ́ríkà ló ti ń ṣe táyà, Henry Ford ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀ ńlá. Ó pinnu pé òun yóò ní oko ti ara òun. Ní 1926, ìjọba Làìbéríà gbà kí ó yá ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù kan éékà fún ọdún 99, ní sẹ́ńtì 6 lórí éékà kan lọ́dún. Orúkọ Harvey àti ti Idabelle ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n so pọ̀ tó di Harbel.

Nígbà tí ilẹ̀ Japan gba Màláyà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1942, oko Làìbéríà di ọ̀kan lára ibi díẹ̀ tí Amẹ́ríkà àti àwọn alájọjagun rẹ̀ ti ń rí rọ́bà gidi. Ayé yí padà títí, ní 1988, Bridgestone ti ilẹ̀ Japan ra Firestone. Ṣùgbọ́n ohun kan kò yí padà: rọ́bà ni wọ́n ń kó jáde ní Harbel, kì í ṣe táyà.

Táyà a máa kú láìrìn

Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, ló ṣàwárí ní 1839 pé bí a bá po imí-ọjọ́ mọ́ rọ́bà, tí a sì fi iná sí i, kì í yọ́ nínú ooru mọ́, kì í sì gan nínú òtútù. Síbẹ̀, oòrùn, ooru àti afẹ́fẹ́ kò yé bá a jà. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gan, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ìpele inú rẹ̀ yóò sì máa ṣí kúrò lára ara wọn. Àwọn tó ń ṣe táyà a máa po èròjà ààbò mọ́ ọn, yíyí tí táyà bá sì ń yí lójú ọ̀nà ló ń mú èròjà náà jáde sí ara rẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ tí olówó rẹ̀ ń gbé jáde fún ìgbéyàwó tàbí ọjọ́ Ìsinmi nìkan kì í yí tó bẹ́ẹ̀. Ojú táyà rẹ̀ yóò jinlẹ̀ bíi tuntun, inú rẹ̀ yóò sì ti kú.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kí ó gbọ́ èyí. Ní oṣù kẹsàn-án 2012, bọ́ọ̀sì kan tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ bọ̀ láti òde orin ní erékùṣù Wight, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yà kúrò lójú ọ̀nà nítòsí Hindhead nígbà tí táyà iwájú rẹ̀ bẹ́. Èèyàn 3 kú, awakọ̀ wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ táyà náà wò, ó ti lé ní ọdún 19. Ọmọ ọdún 18 ni ọ̀kan nínú àwọn olóògbé náà. Táyà tó ṣekú pa á ti dáyé ṣáájú rẹ̀. Kò sì sí òfin tó ní kí wọ́n má lò ó nígbà náà. Oṣù kejì 2021 ni òfin tó dé pé táyà tó ti ju ọdún 10 lọ kò gbọ́dọ̀ sí níwájú bọ́ọ̀sì ńlá tàbí ọkọ̀ akẹ́rù níbẹ̀.

Ohun tí ojú gbọ́dọ̀ wá

Nítorí náà, ọjọ́ orí ni kí oníbàárà kọ́kọ́ wò. Ẹ̀gbẹ́ táyà ló wà, níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà 4 tó kẹ́yìn ni kí ó kà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 3 péré, ṣáájú ọdún 2000 ni wọ́n ṣe é. Kí ó gbé e sílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fi ta á lọ́rẹ. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí nígbà mìíràn, kí ó yẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wò. Ìpara dúdú tí ń dán kò sọ arúgbó táyà di ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ táyà ní kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún lẹ́yìn ọdún 5, kí a sì yọ ọ́ bó bá pé ọdún 10.

Lẹ́yìn èyí ni ìwọ̀n àti irú rẹ̀. Volkswagen tí Yorùbá ń pè ní ìjàpá, 5.60-15 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá jáde. 15 ni ìdábùú òbírí rímù. Táyà ayé àtijọ́ yìí ni òyìnbó ń pè ní cross-ply. Èyí tó wọ́pọ̀ lóde òní ni radial, bíi 165 R 15. Ọkọ̀ lè lo èyíkéyìí tí rímù rẹ̀ bá gbà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa méjèèjì pọ̀ sára ọkọ̀ kan, nítorí bí ọ̀kan ṣe ń di ọ̀nà mú kọ́ ni èkejì ṣe ń dì í mú. Bí táyà bá ń lo tíúbù, kí a ra tíúbù tuntun mọ́ ọn.

Ìtọ́jú ló kù. Òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí a wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí a má sì gbàgbé sípíà. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà, nítorí náà táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbà ju tiwájú lọ. Fọkanáísà tó bá fé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba kò ṣe olówó ọkọ̀ lóore. Bí ọkọ̀ yóò bá jókòó fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí a fi jáàkì gbé e, kí a sì fi í sí abẹ́ òrùlé. Òjò tí ń rọ̀ ní Monrovia lé ní 4,000 mìlímítà lọ́dún. Mìlímítà 1.6 ni òfin ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní kí ìlà ojú táyà má dín sí, ṣùgbọ́n nínú irú òjò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá dúró de 1.6 ti pẹ́ jù.

Kí ẹnikẹ́ni nílé má fi Làìbéríà rẹ́rìn-ín. Igi rọ́bà wà ní Ondo, ó wà ní Edo àti Delta. Michelin ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, kò sì pẹ́ tí Dunlop náà fi ṣíwọ́ táyà ṣíṣe ní Ikeja. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ka táyà àlòkù mọ́ ọjà tí a kò gbọ́dọ̀ kó wọ Nàìjíríà, síbẹ̀ wọ́n ń tà á lójú títì. Kí olúkúlùkù tẹ̀ ba, kí ó ka nọ́ńbà náà kí ó tó sanwó. Táyà lè jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ̀mí kò ní tòkunbọ̀.