Ìtọ́jú Kánmọ́-kánmọ́ fún Ẹni tí ó Fara Pa

Bí ìjàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó bá ń ké kíkankíkan ni àwọn èrò ọ̀nà sábà máa ń kọ́kọ́ sáré tọ̀ lọ. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí, nítorí igbe ni etí ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ké ń mí: ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ là. Ẹni tí ó yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ ba ènìyàn ni ẹni tí ó sùn jẹ́ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ igbó, tí ahọ́n rẹ̀ ti sún sẹ́yìn dí ọ̀nà ọ̀fun. Ó lè ti kú kí igbe ẹni kejì tó rọlẹ̀. Kókó ìjíròrò yìí ni ètò tí àwọn oníṣègùn fi ń mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe.

Inú ìbànújẹ́ ni ètò náà ti wá. Ní oṣù kejì ọdún 1976, James Styner, dókítà tí ń ṣe iṣẹ́ abẹ eegun, ń wa ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́rin. Ọkọ̀ náà já sínú oko. Ìyàwó kú, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ náà fara pa yánnayànna. Styner, tí òun náà fara pa, ni ó tọ́jú wọn nínú òtútù òru títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn ìgbèríko kan. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ìtọ́jú tí òun fún wọn nínú oko sàn ju èyí tí wọ́n rí gbà níbẹ̀ lọ. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣètò ẹ̀kọ́ kan fún àwọn dókítà, wọ́n sì kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ọdún 1978. Ní 1980, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́-abẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ ọ́ di tiwọn.

Ohun tí yóò tètè pa ènìyàn jù lọ ni a ó kọ́kọ́ wá, a ó sì ṣe àtúnṣe rẹ̀ kí a tó lọ sí èyí tí ó tẹ̀ lé e, bí a kò tilẹ̀ tíì mọ orúkọ àrùn náà. Ọ̀nà ọ̀fun ni ó ṣíwájú. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ni a ó rọra tì síwájú kí ahọ́n lè kúrò lọ́nà, láìyí ọrùn, nítorí eegun ọrùn lè ti ṣẹ́. Èémí ni ó tẹ̀ lé e: ṣé àyà ń gbé sókè dọ́gba ní ọ̀tún àti ní òsì? Afẹ́fẹ́ lè jò láti inú ẹ̀dọ̀fóró sínú ihò àyà, kí ó máa pọ̀ sí i títí yóò fi há ọkàn mọ́. Dókítà kì í dúró de àwòrán kí ó tó gún àyà láti tú u jáde. Ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀kẹta, ọpọlọ ni ẹ̀kẹrin. Ìkẹ́yìn, a ó bọ́ aṣọ rẹ̀ kí ọgbẹ́ kankan má baà fara pamọ́, a ó sì tètè fi nǹkan bò ó, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ tutù kì í dì dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ gba àlàyé sí i. Nǹkan bí lítà 5 ni ó wà lára àgbàlagbà. Èyí tí ó ń tú jáde lójú gbogbo ènìyàn ṣeé rí, ó sì ṣeé dá dúró: kí a fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi, kí a má sì máa ṣí i wò. Bí ó bá ń tú yàà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìṣègùn òde òní ti gbà pé kí a dá a dúró ná kí a tó wo ọ̀nà ọ̀fun pàápàá. Èyí tí ó fara sin ni ó burú. Bí eegun itan kan bá ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí ó tó lítà 1 sí 1.5 lè dà sínú ẹran itan láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan kán sílẹ̀. Ẹni tí ó gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ tààrà lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn tí ń to eegun ti fi wákàtí tí ó ṣe iyebíye ṣòfò. (Èyí kì í ṣe ìtàbùkù sí iṣẹ́ tí ó ti pẹ́ láàárín Yorùbá, eegun ní àsìkò tirẹ̀.)

Ọdún 1978 kan náà ni a ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ó di 1988 kí ìjọba àpapọ̀ tó dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀. Lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, èrò ọkọ̀ mìíràn ni ó sábà máa ń gbé ẹni tí ó fara pa. Wọn a fà á ní apá, wọn a ká a sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí kò bá sí iná tàbí ewu mìíràn nítòsí, ó sàn kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú kí ó má mì, kí àwọn yòókù sì gbé e lẹ́ẹ̀kan náà lórí pákó.

Ìdènà mìíràn wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Níbòmíràn wọn a bèèrè owó, níbòmíràn ìwé ọlọ́pàá, bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ a máa dúró de ìwé. Òfin Ìlera ti Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ìdí yòówù kí ó jẹ́. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà rẹ̀. Ní 2017, òfin mìíràn tún la ọ̀rọ̀ ẹni tí ọta ìbọn bà yéké. Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ gbà á, ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Láàárín wákàtí 2 tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò tó fi tó ọlọ́pàá létí.