Ajá Tí Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Rẹ̀ Ṣàdédé Rọ

Ajá lè máa fò kiri ní àárọ̀, kí ó sì máa wọ́ ìdí nílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn kan a ní ẹnìkan ni ó nà án. Àwọn mìíràn a ní wọ́n fi oògùn ṣe é. Ẹlòmíràn a sì mú àdá láti pa á. Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó lè fà á kí a tó dájọ́.

Láàárín egungun kan àti èkejì ní ọ̀pá ẹ̀yìn ajá ni tìmùtìmù kékeré wà, tí inú rẹ̀ rọ̀. Lórí rẹ̀ ni okùn iṣan ńlá ti ọpọlọ kọjá, èyí tí ń gbé àṣẹ lọ sí ẹsẹ̀. Bí inú tìmùtìmù bá gbẹ, tí ó sì le bí ẹfun, fífò díẹ̀ lè mú kí ó bẹ́, kí ó sì há okùn náà mọ́ egungun. Àrùn yìí wọ́pọ̀ jù lára Dachshund, ajá ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ti ilẹ̀ Jámánì. Ní ọdún 2017 àwọn onímọ̀ rí ohun àjogúnbá kan tí ń mú ẹsẹ̀ irú ajá bẹ́ẹ̀ kúrú, tí ó sì ń ba tìmùtìmù náà jẹ́. Ṣùgbọ́n ajá mìíràn pẹ̀lú lè ní i.

Ẹ kíyèsí èyí ná: dìgbòlugi náà a máa mú ẹsẹ̀ ajá rọ. Bí ó bá ń da itọ́, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tàbí tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹran.

Bí ó bá ṣe ẹ̀yìn ni, ẹ tẹ́ ajá sórí pákó, kí ẹ sì gbé e lọ bẹ́ẹ̀ sọ́dọ̀ dókítà ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ ṣọ́ra, nítorí ìrora lè mú kí ó bu olówó rẹ̀ jẹ. Ẹ má ṣe fi àdí wọ́ ọ lẹ́yìn, ẹ má sì fi ipá mú un rìn. Ẹ má ṣe fún un ní oògùn ara ríro ti ènìyàn. Paracetamol àti ibuprofen lè pa ajá.

Dókítà yóò fún ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ó bá fa ẹsẹ̀ nìkan, kò tíì tó ẹ̀rí. Bí ó bá ké tàbí tí ó bojú wẹ̀yìn, ó mọ ìrora, ìrètí sì pọ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n rárá, iṣẹ́ abẹ kíákíá ni ó kù. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdajì irú wọn ni ó tún ń rìn lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí ó ṣì lè rìn, kí a há a mọ́ ibi tóóró fún ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán, kí a máa fi okùn mú un jáde láti tọ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ a sàn bẹ́ẹ̀.

Ìwé Òwe ka aájò ẹran ọ̀sìn mọ́ ìwà olódodo. Ajá tí ó ń ṣọ́ ilé àti oko wa yẹ fún sùúrù kí a tó sọ pé ó tán.