Imí Ọjọ́: Ọjà tí Owó Kò Lè Pè Jáde

Bí iṣu bá wọ́n lọ́dún yìí, àgbẹ̀ á fi kún ebè rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Súfúrù, ìyẹn imí ọjọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lónìí, ara epo rọ̀bì àti gáàsì ni wọ́n ti ń yọ ọ́, nítorí òfin kò gbà kí ó bá èéfín lọ sójú ọ̀run. Kò sí ilé ìfọpo tó ń fọ epo torí súfúrù. Bí owó rẹ̀ bá lọ sókè, wọn kì í fi àgbá epo kan kún iṣẹ́. Bí ó bá sì já wálẹ̀, wọn ò lè dáwọ́ dúró. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ségesège owó rẹ̀ wà, kì í ṣe ọ̀wọ́n súfúrù nínú ilẹ̀.

Ayé àtijọ́ kò rí báyìí. Sísílì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ni ọjà náà nígbà kan. Ní 1838, Ọba Ferdinand Kejì ti Naples, tó ń ṣàkóso Sísílì, gbé àṣẹ títà rẹ̀ lé ilé iṣẹ́ kan láti Marseille lọ́wọ́, owó sì lọ sókè. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dé ní 1840 láti tako àṣẹ náà, ọba yí i padà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi súfúrù ṣe ásíìdì ti kọjú sí òkúta páíráìtì, tí súfúrù wà nínú òun náà. Owó gíga ló lé wọn débẹ̀. Ní 1894, ní Louisiana, Herman Frasch rọ omi tó gbóná ju omi híhó lọ sábẹ́ ilẹ̀, súfúrù yọ́, ó sì fà á jáde bí epo. Ẹni tó ni irú kànga bẹ́ẹ̀ lè ṣí i tàbí kí ó tì í bí ọjà bá ṣe rí. Èyí tó kẹ́yìn ní Amẹ́ríkà kógbá wọlé ní 2000.

Ẹnìkan lè bi mí pé: bí ó bá jẹ́ àṣẹ́kù epo lásán, kí ló dé tí tọ́ọ̀nù kan fi tó nǹkan bí 800 dọ́là ní 2008? Ẹni tó ń rà á kò lè dúró ni. Ásíìdì rẹ̀ ni wọ́n fi ń yọ fọ́sífétì lára òkúta láti ṣe ajílẹ̀, àgbẹ̀ kì í sì í sọ fún òjò pé kó sún síwájú. Kí ọdún náà tó parí, owó ọ̀hún ti já bọ́. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n kó o pamọ́ de ọ̀wọ́n, èyí tí Alberta ní Kánádà ń ṣe: òkìtì aláwọ̀ ìyeyè bí òkè ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òkìtì náà jìnnà sí èbúté Vancouver ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún un yọ́, kí wọ́n sanwó rélùwéè, ọ̀wọ́n sì lè ti kọjá kí ẹrù tó débi ọkọ̀ òkun.