Bí Àdìrẹ Ṣe Dé Orí Tábìlì

Ọbẹ̀ kan ló dà sórí tábìlì wa lọ́jọ́ ọdún Kérésì kan. Mo ti tẹ́ rọ́nà, aṣọ gbọọrọ tí à ń tẹ́ sí àárín tábìlì, lé aṣọ funfun lórí. Àdìrẹ ni mo fi rán an, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo sì sáré rán an. Nígbà tí mo kó méjèèjì sómi, epo lọ, ṣùgbọ́n aró àdìrẹ náà bá a lọ. Aṣọ funfun di búlúù. Rọ́nà fúnra rẹ̀ sún kì, gọ́ọ̀mùsítéè tí mo lẹ̀ sínú rẹ̀ kó lè le sì wú. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tó ń mú aró dúró lára aṣọ nìyẹn, ìwádìí náà ló gbé mi dé ọjà àdìrẹ ní Ìtokú l'Ábẹ́òkúta.

Láyé àtijọ́, ewé èlú ni àwọn ìyá aláró ń gún, tí wọ́n ń mọ ọ́n roboto, tí wọ́n ń sá a gbẹ. Omi tí wọ́n sẹ́ láti ara eérú ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ sínú ìkòkò, wọn a sì dúró fún ọjọ́ mélòó kan kó tó jinná. Nígbà tí aṣọ òyìnbó tó tẹ́jú dé, àdìrẹ gbòòrò. Àwọn kan ń fi ìko di í, àwọn kan ń fi abẹ́rẹ́ rán an, àwọn mìíràn ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ láfún sí i lára. Ọ̀pá méjì ààbọ̀ lọ́nà méjì ni wọ́n ń rán pọ̀ di ìró kan.

Lẹ́yìn náà ni kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó wọlé. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ di iṣẹ́ wákàtí díẹ̀. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé aṣọ kì í pẹ́ kó tó gbó mọ́. Ní 1936, Aláké Ẹ̀gbá, Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fi òfin de sódà àti aró òyìnbó náà. Àwọn ìyá aláró yarí, nítorí oúnjẹ wọn ni. Wọ́n bá ọ̀rọ̀ náà lọ títí ìjọba amúnisìn fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, tí òfin náà sì kúrò nílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Mo gbà pé ẹ̀sùn náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, nítorí sódà tó pọ̀ jù, tí wọn kò ṣan kúrò dáadáa, máa ń jẹ òwú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń lo sódà ló yẹ kí wọ́n tọ́ sọ́nà, kò yẹ kí wọ́n gba sódà lọ́wọ́ àwọn aláró.

Ọjà àdìrẹ rẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Lára àwọn tó gbé e dìde padà ni Nike Okundaye, ọmọ Ògìdì, tí wọ́n bí ní 1951, tó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn níṣẹ́ yìí ní Òṣogbo. Lónìí, àdìrẹ ti kúrò ní ìró nìkan: ó ti di kọ́tìnì, ó ti di ìbòrí tìmùtìmù, ó sì ti di rọ́nà.

Ohun tí mo wá kọ́ ni pé aró èlú kì í wọnú aṣọ bí iyọ̀ ṣe ń wọnú ọbẹ̀. Nínú ìkòkò, àwọ̀ rẹ̀ jọ ewé tó ń pọ́n. Ìgbà tí aṣọ bá jáde tí atẹ́gùn fẹ́ sí i ló tó di búlúù. Èyí tó ti wọ inú òwú kò ní jáde, èyí tó kàn jókòó sí ojú aṣọ ni omi ń kó lọ. Ìdí nìyí tí rírẹ ẹ́ nígbà púpọ̀, tí ẹ̀ ń nà án sí atẹ́gùn láàárín, fi sàn ju rírẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú aró tó ki. Ọ̀pọ̀ wa ń bu iyọ̀ sómi kí aró má bàa jáde. Iyọ̀ kò lè so aró èlú mọ́ aṣọ. Tí ẹ bá fẹ́ fi àdìrẹ rán rọ́nà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún un fọ̀, títí omi yóò fi mọ́, kí àlùmọ́gàjí tó kàn án. Ẹ fọ aṣọ ẹ̀yìn, èyí tí ẹ máa rán mọ́ ọn lẹ́yìn, pẹ̀lú, kí méjèèjì sún tán kí wọ́n tó pàdé.

Rírán rọ́nà náà kò gba wákàtí kan. Ẹ gé àdìrẹ ní íǹṣì 12 ní fífẹ̀, aṣọ ẹ̀yìn ní íǹṣì 18, kí gígùn wọn dọ́gba. Ẹ kojú wọn síra, ẹ rán etí gígùn méjèèjì ní ààbọ̀ íǹṣì, ẹ yí i síta, ẹ lọ̀ ọ́. Aṣọ ẹ̀yìn yóò yọ íǹṣì kan ààbọ̀ lọ́tùn-ún àti lósì bí ìgbátí. Etí tó lè tú ti wà nínú. Ẹ wá ká orí kọ̀ọ̀kan sí méjì ní ìbú, kí ojú àdìrẹ wà nínú, ẹ rán etí rẹ̀ pa, ẹ yí i síta: yóò ṣẹ́ ṣóńṣó. Gọ́ọ̀mùsítéè kò sí níbẹ̀ rárá.

Eléyìí tó wà lórí tábìlì mi báyìí ti rí epo, ó ti rí ata. Omi tútù àti ọṣẹ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, ìbòòji ni mo ń sá a sí. Aṣọ funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì funfun.