Ṣé o mọ̀? Fíìmù Túndé Kèlání tó yẹ kó ṣe ìkínní

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1993, ọdún mẹ́fà kí Saworoidẹ tó jáde, ni Túndé Kèlání ti gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ síta? Saworoidẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ṣíwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀, wọn ò sì jayò pa: Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìbàdàn, ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní àyíká Ìbàdàn, ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, níbi tí oko ti ń di púlọ́ọ̀tì, Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ló yẹ ní ipò kìíní. Nínú rẹ̀, ìjòyè kan, tí Kareem Adépọ̀jù (Bàbá Wándé) ṣe, pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn, ta ilẹ̀ baba ńlá ìlú fún ilé-epo. Ni ikú bá ń mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Ẹnìkan lè ní àwòrán rẹ̀ kò dán, ó sì gùn jù. Òótọ́ ni. Ẹlòmíràn lè ní òfin ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni fíìmù náà ń sọ. Ìyẹn kò tẹ̀wọ̀n: ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí ni ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ṣì ń kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ náà ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi ṣíwájú Saworoidẹ: ọba òǹrorò inú Saworoidẹ ṣeé rọ̀ lóyè. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́lé sí ṣòro gbà padà. Kí Saworoidẹ ṣe ìkejì, kí Ó Le Kú ti 1997 ṣe ìkẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ inú rẹ̀ làwọn kan rántí jù.